Ilẹ̀ etí adágún Erò: ibo lomi ń dé lójò, ibo niná ti ń wá lọ́yẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Adó-Èkìtì ni mò ń gbé. Wọ́n fi pulọ́ọ̀tì mẹ́rin hàn mí létí omi dáàmù Erò, lápá Ikùn-Èkìtì. Mo fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀, kí èmi àti ẹbí máa lọ sinmi, kí n sì máa gba àlejò lópin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní ilẹ̀ bàbá àwọn ni, pé kò sí òfin kankan tó de etí omi, kí n ṣáà sanwó kí n mọ odi yí i ká. Mo bi í léèrè iná ọyẹ́, ó ní iná ò lè ṣe nǹkan kan níbẹ̀ torí omi wà nítòsí. Ṣé òótọ́ ló sọ?

* * *

Rárá o, àbúrò mi. Kò sí òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ òfin tó sọ, kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ iná.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, oṣù wo lo lọ wo ilẹ̀ náà? Tó bá jẹ́ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni, o ò tíì rí ilẹ̀ náà. Ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ̀ lo rí.

Òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní Èkìtì nínú oṣù Kẹrin. Tó bá fi máa di oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, adágún á ti kún dé ibi tí omi ti ń ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dáàmù. Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ dé, omi á máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, nítorí wọ́n ń fà á lọ sí ẹ̀rọ, oòrùn náà sì ń gbẹ ẹ́. Ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, á ní koríko tútù, atẹ́gùn á máa fẹ́ lórí ẹ̀. Kò sí ẹni tó dé ibẹ̀ lóṣù Kejì tí ojú ẹ̀ ò ní wọ ibẹ̀. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n ń tà á.

Mo ti ṣe é rí. Oṣù Kẹta ni mo ra pulọ́ọ̀tì méjì létí dáàmù kan ní Èkìtì níhìn-ín. Mo rìn ín látòkè délẹ̀, erùpẹ̀ gbẹ kanrin, ẹnìkan ti gbin tòmátì sí apá kan. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, mo mú bíríkìlà lọ láti lọ na okùn ìpìlẹ̀. Òkúta sọ́fè mẹ́rin ni wọ́n rì fún mi. A rí méjì. A rí orí ẹ̀kẹta nínú omi, ó tó orúnkún mi níbi tí mo dúró sí. Ẹ̀kẹrin wà níwájú níbi tí apẹja kan so ọkọ̀ ẹ̀ mọ́. Bíríkìlà yẹn ò sọ̀rọ̀, ó ká okùn ẹ̀ padà sínú àpò. Ẹni tó tà á fún mi ò gbé fóònù mi mọ́ títí dòní.

Torí náà, tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lo lọ, padà lọ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí. Wo ara igi: tí omi bá ń dé ibẹ̀, ẹrẹ̀ á ti fi ilà sí i lára, gbogbo igi tó wà níbẹ̀ ni ilà náà á bá dọ́gba. Wo ilẹ̀ bóyá ìkarawun ìgbín wẹ́wẹ́ inú omi wà níbẹ̀. Wo ọ̀pẹ bóyá àwọn kan ti kú lóòró, tí orí wọn ti já. Ọ̀pẹ tí omi bá dúró tì lẹ́sẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lè kú. Kí o sì wá apẹja lọ bá. Má bi ẹni tó ń ta ilẹ̀.

* * *

Ó kan ọ̀rọ̀ “ilẹ̀ bàbá wa”.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilẹ̀ bàbá wọn lóòótọ́ nígbà kan. Ṣùgbọ́n tí ìjọba bá fẹ́ kọ́ dáàmù, ibi tí omi máa bò nìkan kọ́ ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ń gba etí rẹ̀ náà mọ́ ọn, kí wọ́n lè dáàbò bo omi, kí omi sì ní àyè láti gbòòrò tó bá kún. Wọ́n á kọ ọ́ sínú gàsẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba fi ń kéde òfin, wọ́n á san owó irè oko fún àwọn bàbá. Ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, igbó á ti kún ibẹ̀, àwọn ọmọ á sì tún gbé e tà. Nígbà mìíràn wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti gba owó orí ẹ̀ rí. Mi ò pe gbogbo wọn ní gbájúẹ̀.

Òfin ìlò ilẹ̀ ti ọdún 1978 ló fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àbójútó gómìnà. Abala 28 nínú òfin yẹn fún un lágbára láti gba ilẹ̀ padà tí ará ìlú bá nílò rẹ̀. Òfin omi ti ọdún 1993 tún wà: omi tó bá ṣàn kan ìpínlẹ̀ tó ju ẹyọ kan lọ, ìjọba àpapọ̀ ló ni àṣẹ lórí rẹ̀, àti lórí ìsàlẹ̀ odò náà àti bèbè rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún ọ pé òfin ò mọ etí omi. Ìlànà kan wà láti 2009 tó jẹ́ lórí irà, bèbè odò àti etí adágún nìkan, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ló wà nídìí rẹ̀.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Gba ìwé sọ́fè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí nọ́ńbà àwọn òkúta náà hàn dáadáa. Fún sọ́fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, sọ́fíyọ̀ tí ìwọ fúnra ẹ wá, kó gbé e lọ sí ọ́fíìsì Sọ́fíyọ̀ Àgbà ní Adó kí wọ́n fi lé orí máàpù ìjọba. Ìbéèrè méjì ni kó bi wọ́n: ṣé ilẹ̀ yìí bọ́ sínú ibi tí ìjọba ti gbà? Ibo ni omi dáàmù yìí ń dé tó bá kún tán, báwo sì ni ilé gbọ́dọ̀ ṣe jìnnà sí i tó? Kí wọ́n kọ èsì sínú ìwé. Èsì ẹnu ò wúlò fún ọ lọ́jọ́ tí katapílà bá dé.

Tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ láti fún ọ ní ìwé sọ́fè kí o tó sanwó, má sanwó.

* * *

Bàbá kan láti Ìjerò kọ̀wé pé mò ń dẹ́rù ba èèyàn. Wọ́n ní, “Mo mọ ilé tó ti wà létí omi fún ọdún méjìlá, ìjọba ò wó o, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn ra ilẹ̀ ẹ̀.”

Bàbá, ẹ ṣeun. Èmi náà mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo abala 29 nínú òfin 1978 yẹn. Tí ìjọba bá gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé pípé pàápàá, ohun tó ń san lórí ilẹ̀ lásán ni owó ìṣákọ́lẹ̀ tí ẹni náà san lọ́dún yẹn, tó bá san án. Ilé ló ń fowó lé lórí, á sì yọ iye tí ìgbà ti jẹ lára rẹ̀ kúrò. Irè oko náà ní owó tiẹ̀. Mílíọ̀nù tí àbúrò yìí fẹ́ kà fún onílẹ̀, kò sí ibi tí òfin ti ní kí wọ́n dá a padà fún un. Bí ẹni tó níwèé bá sì ń gba èyí, kí lẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà tẹ́lẹ̀ fẹ́ gbà? Ọdún méjìlá tí wọn ò fi wó o kì í ṣe ìwé.

Mi ò sọ pé kó má ra ilẹ̀ létí Erò o. Ilẹ̀ rere wà níbẹ̀, lókè tí omi ò dé, lọ́wọ́ ẹbí tó ni ín lóòótọ́. Ibẹ̀ wù mí. Èmi fúnra mi ṣì ń wá òmíràn.

* * *

Iná ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta ilẹ̀ yẹn, torí ọ̀rọ̀ “omi wà nítòsí” ti jẹ́ kí àwọn èèyàn sùn fọnfọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Oṣù Kìíní ni, nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ọyẹ́ mú débi pé ètè ń là. Èéfín la kọ́kọ́ rí lókè, lápá àríwá, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Lẹ́yìn náà la rí àwọn àṣá, wọ́n ń fò yí èéfín náà ká, wọ́n ń já bọ́ mú ẹlẹ́ńgà tí iná ń lé jáde. Ẹni tó bá ti rí àṣá pọ̀ báyẹn mọ̀ pé iná ti ń bọ̀. Ewé Akíntọ́lá tó ti gbẹ ń ta páá-páá bí ìbọn ṣakabùlà. Ọ̀pẹ kan tí wọn ò ré ní imọ̀ fún ọdún mélòó kan gbiná látìsàlẹ̀ dókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, atẹ́gùn gbé imọ̀ tó ń jó nínú ẹ̀, ó sọ ọ́ kọjá ọ̀nà mọ́tò sórí ahéré ẹlòmíràn. A sáré bọ́ sílẹ̀ lọ pọnmi. Adágún wà níwájú wa lóòótọ́, à ń wò ó. Ṣùgbọ́n ó ti fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ ló wà láàárín àwa àti omi. Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ sáré wọ̀ ọ́ rì dé itan, korobá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ewé tútù la padà fi lu iná yẹn. Ó jó kòkó, ó jó iṣu tí wọ́n kó sí àká.

Ilé tó wà létí omi láìsí ẹ̀rọ tó ń fa omi, láìsí páìpù tó gùn, láìsí epo nínú jẹnẹrétọ̀, kò yàtọ̀ sí èyí tó wà láàárín igbó. Omi òjò tún ń jẹ́ kí koríko ga ju èèyàn lọ lókè etí omi. Tó bá dìgbà ọyẹ́, gbogbo ẹ̀ á gbẹ. Àwọn ọdẹ tó ń lé ọ̀yà fẹ́ràn irú ibẹ̀, ìṣáná kan ti tó wọn.

Òfin sì wà. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí iná igbó àti sísun nǹkan ní gbangba, ti 2011, NESREA náà ló wà nídìí rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ dáná sun igbó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ. Kàn wí pé inú ìwé ló wà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Èyí tí àgbẹ̀ wa ń tẹ̀lé láti ìgbà àwọn bàbá wá ni pé kí ẹni tó fẹ́ jó oko ké sí àwọn tó bá a pààlà, kí wọ́n ṣán etí oko kó mọ́ kanlẹ̀, kí wọ́n sì dúró di ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn bá ti rọlẹ̀. Tí o bá ra ilẹ̀ síbẹ̀, àwọn tó bá ọ pààlà ni kí o kọ́kọ́ mọ̀, kí wọ́n ní nọ́ńbà fóònù ẹ, kí ẹ sì jọ máa ṣán ààlà lóṣù Kọkànlá kí ọyẹ́ tó mú.

Má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kan àgbẹ̀ nìkan. Tí àlejò tìrẹ bá sun ẹran ní àgbàlá tí iná sá lọ sínú kòkó oníkòkó, ọrùn ẹ ló wà. Lọ́yà tó mọṣẹ́ á rán ọ létí ẹjọ́ Rylands àti Fletcher, tí wọ́n dá nílùú Ọba ní 1868, tí ilé ẹjọ́ wa náà ń tẹ̀ lé. Adágún ni ọ̀rọ̀ ẹjọ́ yẹn, ẹ gbọ́: omi adágún tí ẹnìkan ṣe sórí ilẹ̀ ẹ̀ ló ya wọ ibi tí aládùúgbò ẹ̀ ti ń wa èédú. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó bá kó ohun tó lè ṣe jàǹbá wá sórí ilẹ̀ ẹ̀, tó bá bọ́ jáde, òun ló máa san ohun tó bà jẹ́. Wọ́n ti ń fi ìlànà yẹn mú iná náà.

* * *

Ìyá kan ní Ọ̀tùn béèrè nǹkan mìíràn. Ọmọ wọn wà ní California, ó fẹ́ ra ilé létí adágún Tahoe, tó wà láàárín ìpínlẹ̀ California àti Nevada ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń bi mí bóyá òfin ibẹ̀ rọrùn ju tiwa lọ.

Mà, ó le ju tiwa lọ fíìfíì, iná ló sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2007, iná tí wọ́n pè ní Angora jó ilé 254 ní gúúsù adágún yẹn. Iná tí ẹnìkan dá sínú igbó láìgbàṣẹ, tí kò pa dáadáa, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní 2021 iná Caldor tún ń bọ̀, wọ́n ní kí gbogbo ìlú South Lake Tahoe kó jáde. Ohun tí ọmọ yín máa bá pàdé ni pé òfin California ní kí onílé tó wà ní agbègbè iná tọ́jú ẹsẹ̀ bàtà 100 yí ilé ká, kí ewé gbígbẹ àti igbó má há níbẹ̀. Láti oṣù Keje 2021, ẹni tó bá ń ta ilé níbi tí ewu iná ti pọ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé wá pé òun ti ṣe é, tàbí kí òun àti ẹni tó ń rà á fọwọ́ sí ìwé pé ẹni tó ń rà á ló máa ṣe é. Kí ọmọ yín béèrè ìwé yẹn. Kó sì béèrè adójútòfò kó tó sanwó, torí State Farm, ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù, dá gbígba ilé tuntun dúró ní California lóṣù Karùn-ún 2023.

Àjọ kan tún wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ omi adágún yẹn láti 1969. Wọn ò ní gbà kí èèyàn gé igi tútù tó nípọn ju íǹṣì 14 láìgbàṣẹ. Láàárín ilé àti omi, íǹṣì 6 ni. Lẹ́yìn iná 2007, àwọn tí ilé wọn jó fi ìbínú sọ pé òfin tó ń dáàbò bo omi ni kò jẹ́ kí àwọn gé igi tó gbé iná wọlé. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé gómìnà California àti ti Nevada jọ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀.

* * *

Àríyànjiyàn yẹn gan-an ló wà níwájú wa ní Ikùn, ìdí nìyẹn tí mo fi lọ jìnnà díẹ̀.

Ẹni mẹ́ta ló ti kọ̀wé sí mi pé kí àbúrò yìí ha gbogbo igbó láti ilé dé omi, kí iná má rí nǹkan jẹ. Mi ò fara mọ́ ọn. Tí o bá ha bèbè, òjò àkọ́rọ̀ á wọ́ erùpẹ̀ lọ sínú adágún. Dáàmù tí erùpẹ̀ bá kún inú ẹ̀ ò ní lè gba omi púpọ̀ mọ́, omi yẹn sì ni wọ́n ń fà lọ sí ilé àwọn èèyàn ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì. Ìwọ náà máa jẹ nínú ẹ̀: bèbè tó bá ṣí á máa já wá bá ilé ẹ lọ́dọọdún.

Èyí tí mo ń ṣe ni pé ẹ̀yìn ilé níhà òkè, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, ni kó mọ́ jù. Kí ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ kanlẹ̀, kí ọ̀pẹ tó bá wà níbẹ̀ má ní imọ̀ gbígbẹ lọ́rùn, kí igi ìdáná má wà lára ògiri. Níhà omi, fi igi ńlá àti koríko tútù sílẹ̀. Èyí tó bá gbẹ nínú ẹ̀ ni kí o fi àdá gé, má fi iná sun ún. Má sì fi oògùn pa á. Paraquat, oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko, tí àwọn kan ṣì ń tà lábẹ́lẹ̀, wọ́n ti fòfin dè é láti oṣù Kìíní 2024. Omi mímu àwọn èèyàn ló wà nísàlẹ̀ ẹ.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́kàwéè náà nìyẹn. Àlejò ogún lópin ọ̀sẹ̀, ibo ni ìgbẹ́ wọn ń lọ? Gbé e sẹ́yìn ilé, kó jìnnà sómi bí ó bá ti lè jìnnà tó. Tí ilé bá sì fẹ́ di hòtẹ́ẹ̀lì ńlá, òfin 1992 lórí àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ máa ṣe fún àyíká lè kàn ọ́, béèrè kó o tó ya púláànù. Omi tí o fẹ́ máa pọn fún ilé àti fún ẹran ọ̀sìn kò la ariwo lọ, òfin 1993 gbà ọ́ láyè níbi tí gbogbo ìlú bá ti ń pọn. Tí o bá máa fà á ṣòwò, ìwé àṣẹ ni.

Kí àwọn ọmọ má sì máa lúwẹ̀ẹ́ létí ibi tí omi ò ti ṣàn. Àtọ̀sí ajá wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ìgbín wẹ́wẹ́ tí mo ní kí o wá lókè yẹn ló ń gbé e kiri.

* * *

Àbúrò mi padà kọ̀wé láàárọ̀ yìí. Ó ní oṣù Kejì lòun lọ wo ilẹ̀ náà, pé òun ti san ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà àsansílẹ̀, pé ọkùnrin yẹn ní ẹlòmíràn ti fẹ́ rà á, kí òun parí owó di ọjọ́ Ẹtì.

Má parí ẹ̀. Ilẹ̀ tó dára kì í bá ọ dá ọjọ́ Ẹtì. Sọ fún un pé kó mú ìwé sọ́fè wá kí o tó fi kọ́bọ̀ kún un, kó sì fún ọ ní risíìtì owó tó ti gbà, kí ó kọ orúkọ ẹbí tó ń tà á sínú ẹ̀, kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i.

Mo máa wà ní Ikùn lọ́jọ́ Sátidé, aago méje àárọ̀. Wọ bàtà omi. Apẹja kan wà níbẹ̀ tó ti ń na àwọ̀n sínú omi yẹn ó ti lé ní ogún ọdún, mo ti bá a sọ̀rọ̀. Òun ló máa bá wa rìn, á fi ọwọ́ kan ara igi níbi tí omi dé lóṣù Kẹwàá tó kọjá. Tí òkúta sọ́fè ẹ bá wà nísàlẹ̀ ibi tó fọwọ́ kàn, a máa gba ibẹ̀ lọ sílé ọkùnrin yẹn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lọ gba ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún ẹ.